Ilé ọmọ tó pín sí méjì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú kọ:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í kàn sọ̀rọ̀ ni. Ẹni ọdún 31 ni mí. Oyún méjì ló ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kí n má dààmú ara mi. Èkejì ló dá ọgbẹ́ sí mi lọ́kàn. Ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 20, ó ti ń sọ nínú mi, mo ti ra fìlà pélébé méjì pamọ́. Inú ò run mí rárá. Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo dìde láti lọ tọ̀, omira dà, kí ọkọ mi tó rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ọmọ ti jáde. Ọkùnrin ni.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n lọ ya HSG, fọ́tò X-ray inú ilé ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya á rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Fọ́tò náà jáde bí ìgbà téèyàn na ìka méjì sókè. Wọ́n kọ bicornuate sí i, wọ́n sì fi àmì ìbéèrè sí ìdí rẹ̀. Dókítà tí mo gbé e lọ bá wò ó fìrí, ó ní kí n lọ wá owó iṣẹ́ abẹ, òun máa gé ohun tó wà láàárín. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ mú mi lọ síbì kan ní Ìjẹ̀bú. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Ta ló ti bá irú èyí pàdé? Èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Mátírọ̀n kọ:

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ọdún 34 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, ó máa gùn díẹ̀.

Kò sí obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn méjèèjì á rìn wá sáàárín, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ògiri tó kù láàárín wọn á wá yòrò, yàrá méjì á di ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí á ti parí kí oyún tó pé nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ibi tó bá ti dúró ló ń sọ irú ilé ọmọ téèyàn máa gbé wáyé. Bí ọ̀pá méjèèjì ò bá pàdé rárá, ilé ọmọ á di méjì, ẹnu rẹ̀ náà á di méjì: didelphys nìyẹn. Bí wọ́n bá pàdé nísàlẹ̀ tí òkè ò pàdé, á yọ ìwo méjì: bicornuate. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra dáadáa tí òkè rẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n tí ògiri àárín kọ̀ tí kò yòrò, septate ni. Bí ọ̀pá kan bá dàgbà tí èkejì sọnù, tàbí tó kù bín-ín-tín sẹ́gbẹ̀ẹ́, unicornuate ni, ìlàjì ilé ọmọ. Àwọn kan tún wà tí òkè inú tiwọn kàn tẹ̀ wọlé díẹ̀, arcuate, ìyẹn kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ṣé o rí i báyìí pé kò sí ohun tí o jẹ, tí o mu, tàbí tí o ṣe nígbà ọmọge tó fà á? Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ bóyá o ti ṣẹ́yún rí, sọ fún un pé kí wọ́n tó bí ọ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

HSG yẹn wá ńkọ́? Inú yàrá ni HSG ń fi hanni, kò lè fi òrùlé hàn. Septate àti bicornuate, bákan náà ni inú wọn rí nínú fọ́tò. Òrùlé ni ìyàtọ̀ wọn wà: ti septate tẹ́jú, ti bicornuate jìn wọlé láti ìta, ó máa ń jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Dókítà tó bá lọ gé àárín bicornuate bí ẹní ń gé septate, ó máa lu ilé ọmọ já sínú ikùn ni. Nítorí náà, má sanwó iṣẹ́ abẹ kankan lórí àmì ìbéèrè. Lọ ṣe skáànù 3D, tàbí MRI bí agbára bá ká a. Skáànù 3D yẹn, lọ ṣe é nígbà tí nǹkan oṣù rẹ bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, torí inú ilé ọmọ máa ń nípọn nígbà náà, gbogbo ojú ilà rẹ̀ á hàn kedere.

Kí n má gbàgbé. Ní kí wọ́n wo kíndìnrín rẹ lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kíndìnrín àti ilé ọmọ ń dàgbà, tí ọ̀kan bá yàtọ̀, èkejì lè yàtọ̀. Mo ti rí obìnrin méjì tó jẹ́ pé oyún ló tú u fó pé kíndìnrín kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹ̀jẹ̀ ríru irú wọn gba ṣíṣọ́ lójú méjèèjì.

Ìyá Alágbo Mushin kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mátírọ̀n. Ẹ má bínú sí mi. Láyé àwọn ìyá wa, ńṣe ni wọ́n máa ń de oyún mọ́lẹ̀, ó sì ń dúró. Èmi náà mọ ẹni tí wọ́n dè é fún tó bí ọkùnrin làǹtìlanti. Kí ọmọbìnrin yìí tó lọ fi ara rẹ̀ fún abẹ, kó kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tó wà nílẹ̀.

Ìyá Mátírọ̀n kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. N ò bá yín jà. Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ì bá bí ọmọ náà bí wọn ò dè é. Àìmọye obìnrin ló ń gbé ilé ọmọ oníwo méjì káàkiri tí wọn ò mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ wọn, tí dókítà wá pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n wá wòran. Àgbo ò lè wó ògiri. Àgbo abíwẹ́rẹ́ tiẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ẹni tí àyè inú rẹ̀ há, tí a ń bẹ̀ ọmọ pé kó jọ̀ọ́ dúró di oṣù kẹsàn-án, kí ló fẹ́ fi bíbí wẹ́rẹ́ ṣe ní oṣù keje?

Ẹ bá mi sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú: àbíkú, a ti bí i ká tó pè é bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ Peckham kọ:

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, mo bá ẹ sunkún ọmọkùnrin yẹn.

Septate ni tèmi. Oyún mẹ́ta, kò sí èyí tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ara ògiri yẹn, pé ọlẹ̀ tó bá lọ lẹ̀ mọ́ ọn dà bí àgbàdo tó bọ́ sórí àpáta. Ojú ara ni wọ́n gbà gé e, pẹ̀lú kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Wọn ò la ikùn mi. Àárọ̀ ni mo wọlé, alẹ́ ni mo ti wà nílé tí mò ń bá ọkọ mi jà lórí ẹ̀wà tó jóná. Wọ́n ní ká dúró fún oṣù mélòó kan. Ìgbà tí oyún kẹrin dé, ó dúró títí di ọ̀sẹ̀ 38. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kejì báyìí.

Tí Dókítà Kékeré bá wà nítòsí, kó wá sọ̀rọ̀, torí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń jiyàn lórí iṣẹ́ abẹ yìí.

Dókítà Kékeré kọ:

Mo wà níbí, àǹtí. Wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ lóòótọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a bá ti rí ògiri lára obìnrin tí oyún rẹ̀ ń bàjẹ́, gígé ni. Àwọn tí a gé e fún bímọ, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n a ò fi wọ́n wé ẹni tí a ò gé e fún. Ìgbà tí wọ́n wá fi wé e nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní TRUST, tó jáde ní 2021, obìnrin 80 ni wọ́n pín sí méjì bí ẹní ṣẹ́ kèké. Nínú àwọn tí wọ́n gé e fún, 31% ló bí ọmọ láàyè. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kàn dúró, 35%. Àwọn tó fara mọ́ abẹ ní 80 kéré jù láti fi dájọ́, pé wọ́n lo ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó rí 80 yẹn kó jọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ẹni tó fẹ́ gé èèyàn ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá. Òótọ́ làwọn náà sọ. Tèmi ni pé ẹni tí oyún rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí a kàn ṣèèṣì rí ògiri lára rẹ̀, kó má kánjú. Ẹni tó ti pàdánù mẹ́ta bíi ti Àǹtí Bọ̀sẹ̀, èmi náà á bá a sọ̀rọ̀ abẹ, pẹ̀lú ewu rẹ̀: ọgbẹ́ inú ilé ọmọ lè lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ilé ọmọ sì lè ya nínú oyún tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Bicornuate, gbogbo ìyẹn ò kàn án. Wọ́n máa ń la ikùn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n fi ran ìwo méjèèjì pọ̀. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe é láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́.

Ohun kan tún wà, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ilé ọmọ. Nínú àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2011, obìnrin bíi 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ilé ọmọ tó yàtọ̀ láàárín àwùjọ, irú èyíkéyìí tó wù kó jẹ́. Láàárín àwọn tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára, ó jẹ́ 13.3. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí oyún ń bàjẹ́ mọ́ lára, ilé ọmọ wọn dára. Ẹ yẹ ṣúgà wò, ẹ yẹ táírọ́ìdì wò, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó ń dì. Kí ọkọ yín náà bá yín lọ.

Oníwo Kan kọ:

N ò kì í fẹ́ sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí ẹni tó ń kà á tí kì í dá sí i.

Ìlàjì ilé ọmọ ni mo ní, pẹ̀lú ìwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lójú ọ̀nà sísàlẹ̀. N ò mọ̀. Nǹkan oṣù mi máa ń dùn mí gan-an, wọ́n ní tí mo bá bímọ á lọ. Ìgbà tí oyún dé, inú ìwo kékeré yẹn ló lọ jókòó sí. Ẹ máa ní báwo ló ṣe débẹ̀ nígbà tí kò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní apá kejì ni àtọ̀ gbà gòkè, tó gba inú ikùn kọjá síbẹ̀. Mo ṣe skáànù ní ọ̀sẹ̀ 9 nílé skáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọ́n kọ ọ́ pé oyún wà, ọkàn ọmọ ń lù. Mo gbé ìwé náà lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí oyún náà wà.

Ọ̀sẹ̀ 16 ni ìwo yẹn bẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èjìká ló kọ́kọ́ ń dùn mí, bíi pé wọ́n fi nǹkan gún mi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ikùn le gbagidi, ojú mi ṣú, mo ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lójú ara rárá, inú ikùn ló ń dà sí. Àbúrò mi fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì wa kí wọ́n gbàdúrà ná. Ọlọ́kadà tó gbé wa ló kọ̀, ó ní ọsibítù lòun ń gbé èyí lọ. N ò mọ orúkọ ọkùnrin yẹn títí dòní. Báàgì ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fà sí mi lára. Wọ́n yọ ìwo náà dànù.

Ọdún kejì, oyún míì wá sí apá tó dára. Ọmọ mi dé ní ọ̀sẹ̀ 32, kílò kan àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀. Ó ń bẹ, ó ń jalè ẹran nínú ìkòkò.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ṣe skáànù àkọ́kọ́, ẹ má béèrè pé ṣé ọmọ wà nìkan. Ẹ ní: inú èwo ló wà, ṣé inú ilé ọmọ gan-an ni, ṣé ẹ rí ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ẹnu ilé ọmọ? Bí ẹni tó ń ṣe skáànù bá ń kanra mọ́ yín, ẹ jẹ́ kó kanra.

Bàbá Ìgè kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ gba ọkùnrin kan láàyè láàárín yín.

Ilé ọmọ méjì ni ìyàwó mi ní, pẹ̀lú ẹnu méjì. Agbẹ̀bí kan ló rí i nígbà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó jáde wá bá mi, ó ní ọ̀gá, ẹ jókòó. Mo jókòó. Apá ọ̀tún ni oyún wà. Ohun tí a kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, àwọn yòókù la kọ́ lójú ìjà. Àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde láti apá òsì tí kò lóyún, ẹ̀rù fẹ́ pa wá. Wọ́n ní apá yẹn náà gbọ́ pé oyún wà, ó múra sílẹ̀ fún àlejò tí kò wá. Èkejì, ọmọ ò yí orí sísàlẹ̀. Kò sáyè tó máa fi yí. Bí ẹ bá ti rí ọmọ tó jókòó títí nínú irú ilé ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi epo pa ikùn pé òun fẹ́ yí i.

Ẹ̀kẹta ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ 34 ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀, ní aago méjì òru. Ibi tí a ti forúkọ sílẹ̀, ibi dáadáa ni, àwọn nọ́ọ̀sì wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní AC. Wọn ò ní ínkúbétọ̀. Ibi kejì ní ọ̀kan, iná ti lọ, wọ́n ń wá ẹni tó máa lọ ra dísẹ́ẹ̀lì. Ibi kẹta ni a ti bá ara wa, ẹsẹ̀ ọmọ ti ń jáde nínú mọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ yẹn ṣe jẹ́. Àmútọ̀runwá ni, àwa kọ́ la sọ ọ́. Ibi ọmọ kọ̀, kò jáde, dókítà fi ọwọ́ yọ ọ́, ìyàwó mi sọ ẹ̀jẹ̀ nù gan-an. Tó bá jẹ́ ilé agbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì wa la wà ni, èmi nìkan ni ǹ bá kù láti sọ ìtàn yìí.

Torí náà kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, kí ọkọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wo ibi tí ẹ fẹ́ bímọ sí. Ẹ má bi ọ̀gá ilé ìwòsàn, á ní gbogbo nǹkan wà. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ínkúbétọ̀ mélòó ló ń ṣiṣẹ́? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí lóru? Kí àwọn èèyàn yín méjì ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ro pé ìwọ̀nba wa níbí ló ń rí i o. Ní Bangladesh ní 2019, obìnrin kan bí ọmọkùnrin láìpé oṣù, wọ́n kí i kú ewu, ó lọ sílé. Ọjọ́ 26 lẹ́yìn náà inú tún ń run ún, wọ́n wò ó, ìbejì ló wà nínú ilé ọmọ kejì. Kò ṣe skáànù rí ní gbogbo ìgbà tó fi lóyún. Ní 2023, òmíràn ní Alabama ní ọmọ kan nínú ìhà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan dé lónìí, èkejì dé lọ́la. Mo fi han ìyàwó mi, ó ní ká má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Kékeré kọ:

Bàbá Ìgè ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ kan kún un. Bí ó bá jọ pé ọmọ máa dé kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 34, dexamethasone tí a máa ń gún ìyá ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kó tó jáde. Kì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Wọ́n dán an wò lára obìnrin 2,852 ní Bangladesh, India, Kenya, Pakistan àti Nàìjíríà tiwa níbí, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba á, 19.6% ló kú láàárín oṣù àkọ́kọ́. Nínú àwọn tí kò gbà á, 23.5%. Ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú ọmọ tí kò pé oṣù ni wọ́n ti ṣe é o. Ẹ má lọ ra á ní kẹ́mísìtì gún ara yín nílé. Àti pé kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń fẹ́ ọjọ́ kan, ó kéré tán, kí ọmọ tó dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tètè wá.

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú kọ:

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú àdúrótì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí mi ò wọlé síbí. Mo lọ ṣe skáànù 3D yẹn, mo ka ọjọ́ bí Ìyá Mátírọ̀n ṣe ní kí n kà á. Òrùlé mi jìn wọlé ní mìlímítà 14. Bicornuate ni lóòótọ́. Kíndìnrín méjèèjì pé. Dókítà tuntun tí mo bá ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gé níbẹ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn, a ti tà lára ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Dókítà náà ní ohun tó ń da òun láàmú jù ni ọmọ ọ̀sẹ̀ 20 tó jáde láìsí ìrora. Ó ní ó lè jẹ́ pé ẹnu ilé ọmọ mi ló ń tètè ṣí. Ṣé kí n ní kí wọ́n rán an fún mi tí mo bá tún lóyún? Àwọn kan ní kí n ṣe é, àwọn kan ní rárá.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ Peckham kọ:

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Níbí yìí ní London, ẹni tó bá ti pàdánù oyún láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 34 rí, wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí kílíníìkì àwọn tó lè bí láìpé oṣù. Láti ọ̀sẹ̀ 16 títí dé 24, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọn gígùn ẹnu ilé ọmọ. Ojú ara ni wọ́n gbà ń ṣe skáànù yẹn, kì í dunni. Àbúrò ọkọ mi ṣe é. Kò dé orí rírán, òun nìkan ló ń rán ara rẹ̀ létí lójoojúmọ́.

Dókítà Kékeré kọ:

Bí tàwọn ará Peckham ṣe sọ ló rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ pàdánù bẹ́ẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwọ̀n. Bí ẹnu ilé ọmọ bá kúrú ju mìlímítà 25 lọ kó tó di ọ̀sẹ̀ 24, ìgbà yẹn ni a ó sọ̀rọ̀ okùn. Àwọn míì á ní ká rán an ní ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 láì dúró wo nǹkan kan, pàápàá tí ó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ ń gbé jìn, tí ẹ ò lè máa pààrà skáànù. N ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn, ọ̀nà Ìkòròdú la ń sọ yìí. Tí wọ́n bá rán an, a máa tú u ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 sí 37. Bí ìrọbí bá sì mú yín ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ sá wá kí wọ́n tú u, ẹ má sọ pé ó ti wà ní dídè. Ìyá Alágbo, Dókítà Shirodkar ní Bombay ló kọ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń rán ẹnu ilé ọmọ sílẹ̀ ní 1955, Dókítà McDonald ní Melbourne kọ tirẹ̀ ní 1957. Àwọn náà ń de oyún ni o.

Ìyá Alágbo Mushin kọ:

Ẹ ṣáà ti gbà báyìí pé ó ṣeé dè.

Oníwo Kan kọ:

Àbẹ̀kẹ́, tí oyún bá dé, má sọ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n sọ fún ẹnì kan tó ní mọ́tò.

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú kọ:

Ẹ káalẹ́ o. Ó ti pẹ́. N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó dójú ẹ̀, ẹ foríjì mí.

Ọ̀sẹ̀ 35 rèé. Mìlímítà 31 ni ẹnu ilé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 16. Ní ọ̀sẹ̀ 20 ó di 23. Ọ̀sẹ̀ 20 yẹn kan náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rán an. Ọkọ mi ti lọ bá nọ́ọ̀sì òru sọ̀rọ̀, ó mọ orúkọ gbogbo wọn báyìí, ó ń ra súyà fún wọn. Ínkúbétọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́, ìkẹrin ni wọ́n ń gbé aṣọ sí. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi ka ìgbà tí ọmọ bá ta. Wọn ò sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú mọ́, wọ́n kàn ń wò mí bíi pé ẹyin ni mí.

Ọmọ jókòó sí apá ọ̀tún, orí rẹ̀ wà lábẹ́ egungun ìhà mi, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa fi abẹ gbé e, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n máa tú okùn. Bàbá Ìgè, mo fẹ́ bèèrè: èyí tí abẹ gbé jáde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, ṣé Ìgè náà ni?

Bàbá Ìgè kọ:

Inú mi dùn jù! Ìgè ni jàre. Ẹsẹ̀ ṣáà ló fi wọ ayé.

Ìyá Alágbo Mushin kọ:

Rárá o. Ẹni tó gba ojú ọ̀nà wá ni Ìgè. Èyí, ojú fèrèsé ló gbà.

Ìyá Mátírọ̀n kọ:

Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jáde. Àbẹ̀kẹ́, sọ fún dókítà tó máa gbé e pé kó fiyè sí ibi tí ọwọ́ òun bá kọ́kọ́ bà. Tó bá jẹ́ ìdí ni, a máa wá orúkọ míì.